Ẹ Má Rọ Nǹkan sí I Lẹ́nu

Bí èèyàn bá ṣubú lulẹ̀ ládùúgbò wa, a kì í wá olùrànlọ́wọ́ tì. Kí ẹni tó pariwo tó mí, èrò ti pé. Ẹnìkan á ti gbé orí rẹ̀ lé itan, ẹnìkan á ti máa fi etí ìró fẹ́ ẹ, àwọn ọmọdé á ti sáré lọ pe Bàbá onílé. Àánú kò wọ́n láàárín wa, mi ò sì kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí ibi tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń lọ. Ẹnu ni. Ọmọ ní gìrì, ẹnu. Àgbàlagbà dákú, ẹnu. Ọmọ mu kẹrosíìnì, ẹnu. Eegun ẹja há bàbá lọ́fun, ẹnu náà ni. Omi, àdí, epo pupa, àgbo, ṣíbí, ìka ọwọ́: kò sí ohun tí a kì í kó síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nípa fáàsì éèdì, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan péré fún ilé kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá, èyí ni màá mú: ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ẹ má rọ nǹkankan sí i lẹ́nu.

Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun èèyàn. Ọ̀kan ni oúnjẹ ń gbà lọ sínú ikùn, ìkejì ni èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, wọn ò sì jìnnà síra rárá. Bí ara bá dá, tí a fẹ́ gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan á yára bo ọ̀nà èémí títí oúnjẹ á fi kọjá. Bí ìdérí náà bá pẹ́ díẹ̀, omi á pá wa lórí, a óò wúkọ́ títí omijé á fi bọ́, àwọn tó wà nítòsí á máa kí wa ní pẹ̀lẹ́. Ikọ́ yẹn ló gbà wá. Ẹni tó dákú, tàbí tí gìrì ń gbé, kò ní ikọ́ yẹn mọ́. Ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró láìsí ariwo kankan, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti mu ún.

Gìrì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí òun ló ń da orí àwọn òbí rú jù. Ibà ló sábà máa ń fà á, bí ara ọmọ bá gbóná gan-an, àwọn ọmọ tó sì máa ń ṣe jù ni àwọn tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5. Ojú ọmọ á yí sókè, ara rẹ̀ á gan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á payín dé pinpin. Ó ń bani lẹ́rù. Kò sí ìyá tó rí i tí àyà rẹ̀ kò ní já. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yálà a ṣe nǹkan tàbí a ò ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Ohunkóhun tí a bá ṣe lásìkò yẹn, òun la ó fi ọpẹ́ fún. Ẹni tó rọ àdí á ní àdí ló gbà á, ẹni tó fi ata sí i lójú á ní ata ni, ẹni tó na ẹsẹ̀ ọmọ sí iná á ní iná ló jí i. Mo mọ ọ̀dọ́langba kan tí àpá iná ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí dòní, àwọn òbí rẹ̀ sì ṣì gbà pé ìyẹn ló dá a padà.

Ọ̀dọ̀ àwọn Red Cross ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀. Ní ilé tí mo gbé n'Íbàdàn lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ ará ilé wa kan ní gìrì lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti mú iná lọ. Ìró ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: "Ẹ gbà mí o, ọmọ mi ń lọ!" Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà wà lórí itan ìyá rẹ̀, ó na gbalaja, funfun ojú rẹ̀ nìkan là ń rí. Bọ̀dá kan nínú ilé ń fi ìdí ṣíbí onírin la eyín rẹ̀. Ìyá Àgbà, tí wọ́n dàgbà jù nínú gbogbo wa, ti ń bọ̀ láti yàrá wọn, ìgò àdí wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ò lè sọ fún ẹni tó bí yín lọ́mọ pé kó gbé àdí rẹ̀ padà, pàápàá lójú èrò. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ yín ni mo fẹ́. Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì yìí sí i lójú, ẹ má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀." Wọ́n gbé ìgò sílẹ̀ kí wọ́n lè rí tọ́ọ̀ṣì dì mú. Mo yíjú sí èkejì: "Bọ̀dá, aago yín dà? Ẹ bá mi máa pe ìṣẹ́jú." Ṣíbí kúrò lẹ́nu ọmọ. Mo gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Mo bọ́ súwẹ́tà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò dì í mọ́lẹ̀, mi ò da omi tútù lé e, mi ò fún un ní nǹkankan. Iṣẹ́ yẹn kéré lójú, ó sì nira púpọ̀, torí ojú gbogbo ilé wà lára mi, wọ́n ń retí kí n ṣe nǹkan. Ìyá ọmọ ń bẹ̀ mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún un ní nǹkan, ẹ má wò ó báyìí." Mo ní, "Ìyáàfin, ẹ wo àyà rẹ̀, ó ń mí. Ẹ máa pe orúkọ rẹ̀." Ó ń pè é. Kí Bọ̀dá tó pe ìṣẹ́jú kẹrin, ara ọmọ rọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n fẹ́ gbé e wọlé lọ sùn, pé ó ti parí. Kò tíì parí. Nílẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ báyìí, gìrì lè jẹ́ àmì pé ibà náà ti dé ọpọlọ, tàbí pé àrùn ọpọlọ mìíràn wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tó bá ní gìrì, pàápàá ìgbà àkọ́kọ́, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà. Bó bá sì ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, kí ẹ má dúró kó dá mọ́; ẹ gbé e lọ bó ṣe wà, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ lórí itan yín nínú ọkọ̀. Òru yẹn la gbé ọmọ náà lọ, wọ́n sì bá ibà lẹ́jẹ̀ rẹ̀.

Nípa ṣíbí: ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí ọmọ má baà gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ahọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu, kò sí ẹni tó lè gbé e mì. Ó lè gé e jẹ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ á yọ, ṣùgbọ́n ahọ́n tètè ń jinná. Eyín tí ṣíbí bá ṣẹ́ lè já bọ́ sí ọ̀nà èémí, ìyẹn sì ni ẹjọ́ tó le.

Ti àgbo wá ńkọ́? Mi ò bá ewé jà. Ewé ni màmá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n àgbo kan wà tí mo fẹ́ kí ó kúrò ní gbogbo ilé tó ní ọmọdé, àgbo ìtọ̀ màlúù. Ewé tábà, ewé ẹfinrin, alùbọ́sà, aáyù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni wọ́n ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù, wọ́n á dà á sínú ìgò, ó lè wà lábẹ́ ibùsùn fún ọ̀pọ̀ oṣù de ọjọ́ tí gìrì bá dé. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dẹwọ́ èémí, oró tábà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ tí gìrì ń gbé sì ń ná tirẹ̀ tán lọ kíákíá. Ìgbà yẹn la wá rọ ohun tó tún ń jẹ ṣúgà sí i lẹ́nu, tó sì ń dí i lémìí. Gìrì tí ì bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á wá di ọmọ tí kò jí mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka ọmọdé mọ òórùn àgbo yẹn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń dùn mí pé ìyá tó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ló gbé ìgò náà.

Ti wárápá yàtọ̀ díẹ̀. Gìrì ń pe èrò jọ, wárápá ń lé wọn sá. Wọ́n ní bí ìfófó ẹnu ẹni náà bá ta síni lára, èèyàn á kó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wárápá kì í ràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà dókítà ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì n'Íbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín àwọn ará Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé nínú 1,000 èèyàn, bíi 5 ló ní in. Ó túmọ̀ sí pé kò sí ọjà ńlá, kò sí ilé ìwé ńlá, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá tí ẹnìkan kò ti ní in. Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fò jáde lójú fèrèsé. A jókòó ti àwọn ọmọ náà, a ṣàlàyé fún wọn, a jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn dánra wò. Báyìí, bí ó bá ṣubú, wọ́n á wọ́ bẹ́ǹṣì kúrò, ọmọkùnrin kan á ká súwẹ́tà rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn kíláàsì tó kù má baà wá wò ó níran. Àwọn ọmọ kíláàsì kárùn-ún ni mò ń sọ o.

Ẹni tó kàn dákú lásán, bóyá ebi, bóyá oòrùn, bóyá ó gbọ́ ìròyìn tó bà á nínú jẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, kí èrò sì sún sẹ́yìn. Kò ní pẹ́ jí. Omi tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yẹn, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ife mú kó tó mu ún. Mo máa ń sọ ìlànà yìí fún gbogbo èèyàn torí ó rọrùn láti rántí: ẹni tí kò lè di ife mú fúnra rẹ̀, kò tíì tó o mu.

Ṣùgbọ́n bó bá dákú tí kò sì mí, tàbí tó ń mí gùle-gùle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fífẹ́ àti pípe orúkọ. Àyà rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Láti ọdún 1960, nígbà tí onímọ̀ kan, William Kouwenhoven, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀, ni a ti mọ̀ pé ọwọ́ lásán lè bá ọkàn tó dúró ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ gbé gìgísẹ̀ ọwọ́ kan, ìyẹn ìdí àtẹ́lẹwọ́ níbi tó ti so mọ́ ọrùn ọwọ́, sí àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ìkejì lé e, ẹ na apá yín gbọọrọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò dà bí ìgbà tí à ń gúnyán, tí ọmọ odó ń kúrò nínú odó. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kúrò láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àyà náà padà sípò kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń rẹni. Ẹ máa gbà á fún ara yín títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ní ti kẹrosíìnì, ìgò la ó kọ́kọ́ bá wí. A dà á sínú ìgò mínírà, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ pé kì í ṣe omi. Epo pupa ni ilé á kọ́kọ́ gbé, torí a gbà pé epo ń pa oró. Epo á mú ọmọ bì, ibẹ̀ ni ewu wà. Kẹrosíìnì tó dé ikùn kò le tó èyí tó dé ẹ̀dọ̀fóró, ìgbà tí ọmọ bá ń bì í gan-an ló máa ń rí ọ̀nà yọ́ wọ ibẹ̀. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ń jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ, bí a bá mú un bì, á tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀fun wọn dí lẹ́yìn irú rẹ̀, tí ẹ̀kọ lásán di ìṣòro fún láti gbé mì. Kò sí epo, kò sí mílíìkì, kò sí ìka lọ́fun. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó bá ti rin, ẹ mú ìgò náà dání, ilé ìwòsàn yá.

Ẹni tí nǹkan há lọ́fun ni ọ̀rọ̀ ẹnu kàn ní tòótọ́, síbẹ̀ kì í ṣe pé kí a tún ti nǹkan tẹ̀ lé e. Òkèlè ẹ̀bà tí wọ́n ní kí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun gbé mì lè ti eegun náà wọnú ẹran ọ̀fun lọ. Bí oúnjẹ bá dí i lémìí, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè wúkọ́, tó di ọrùn mú, ẹ tẹ orí rẹ̀ síwájú, ẹ fi gìgísẹ̀ ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó dún. Bí kò bá jáde, ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í, ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Henry Heimlich, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1974. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fún un níkùn rárá: ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ gbá ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ ní àárín àyà. Àwọn ìyá wa tó ń rọ ọmọ lẹ́kọ, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ dí i nímú kó lè gbé e mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ọmọ tó ń ké nígbà tí ẹ̀kọ ń wọlé ń fa ẹ̀kọ náà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Mo mọ ohun tó ń dá èèyàn dúró sílé pẹ̀lú ìgò àgbo. Ilé ìwòsàn ń béèrè owó. Mo ti dúró níwájú tábìlì kan rí, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń kán sílẹ̀, wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò san owó káàdì. Ẹ mọ òfin, kí ẹ lè fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin ọdún 2017 lórí àwọn tí wọ́n yìnbọn fún tún ní kí ilé ìwòsàn gbà wọ́n, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, kí wọ́n má sì béèrè owó ìdúró kí wọ́n tó tọ́jú wọn. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì káàkiri orílẹ̀-èdè. L'Ékòó, 767 náà wà. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ẹ fi wọ́n sórí fóònù àwọn ọmọ yín pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù nìyí. Bí ẹ bá ti rọ nǹkan sí ẹni náà lẹ́nu kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi í pamọ́ torí kí wọ́n má baà bú wọn, wọ́n á ní "ó kàn gbóná ni, sà." Dókítà kò ní mọ̀ pé tábà wà lára ọmọ náà, ó lè má tètè yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó lè má mọ̀ pé àdí ló wà ní ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sọ ohun tó jẹ́, ẹ sọ bó ṣe pọ̀ tó, ẹ sọ aago tí ẹ fún un. Bí ìgò rẹ̀ bá wà, ẹ gbé e dání. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀: bí ìyá náà bá sọ òótọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn tó kù, kí ẹ tó yẹ ṣúgà ọmọ náà wò.